Sátidé Kan Lójú Ọ̀nà Ìkọ́gosì

Aago 4:25 ìdájí. Òkùnkùn ṣì bo àdúgbò náà ní Ojodu, l'Ékòó. Ẹrù ti wà lẹ́nu géètì tipẹ́: kúlà búlúù kan, àpò aṣọ mẹ́ta, gálọ́ọ̀nù omi, agboòrùn Màmá. Àwọn mẹ́rin ló ń lọ. Màmá, ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin. Àkọ́bí rẹ̀, tó dé láti Manchester lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ìyàwó Àkọ́bí. Ọmọbìnrin wọn, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, tí kò tíì dé ilẹ̀ Èkìtì rí. Ìkọ́gosì ni wọ́n ń lọ, níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn tí wọ́n sì pàdé. Àkọ́bí ti kọ ètò ìrìnàjò náà sínú fóònù rẹ̀. Aago mẹ́rin ni kí wọ́n gbéra. Tó bá fi máa di aago méjìlá ọ̀sán, kí wọ́n ti ki ẹsẹ̀ bọ omi.

Aago 4:41. Ọkọ̀ dé. Sienna aláwọ̀ eérú ni, àtòun àti dírẹ́bà ni wọ́n yá pọ̀. Ọkùnrin náà á tó ẹni ogójì ọdún. Ó bọ́ sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ fún Màmá kó tó kí ẹlòmíràn. Ó ní sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ ló dá òun dúró. Aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí, sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ. Ẹnikẹ́ni kò bi í léèrè. Ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ ti rún. Ó tẹ ẹ̀yìn bàtà mọ́lẹ̀ bíi sálúbàtà. Ọmọbìnrin náà ya fọ́tò àkọ́kọ́ ọjọ́ náà: bàbá rẹ̀ ń ti kúlà sínú ọkọ̀, iná iwájú tàn, òkú kòkòrò lẹ̀ mọ́ gíláàsì iwájú ọkọ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Fọ́tò yìí àti àwọn tó tẹ̀ lé e la fi to púpọ̀ nínú wákàtí ọjọ́ náà, nítorí fóònù a máa kọ àkókò sílẹ̀ fúnra rẹ̀.

Bí Màmá ṣe ń gba iwájú ọkọ̀ kọjá, ó fi àtẹ́lẹwọ́ lé bónẹ́ẹ̀tì. Ó tètè ká a kúrò. Ó nu ọwọ́ náà sára ìró, ó ní iwájú lòun máa jókòó. Àkọ́bí ní rárá, àárín ló rọrùn, ibẹ̀ ni wọ́n tẹ́ aṣọ sí. Màmá ní orúnkún òun kò gba àárín. Ó wọlé síwájú, ó de bẹ́líìtì. Aago kékeré kan wà tó fi abẹ́rẹ́ kọ́ sí àyà bùbá rẹ̀, ojú rẹ̀ dorí kodò, nọ́mbà méjìlá wà nísàlẹ̀. Ó gbé e sókè, ó wò ó, ó jẹ́ kó padà rọ̀.

Aago 5:04. Wọ́n gun Long Bridge. Ìkùukùu fẹ́lẹ́ dùbúlẹ̀ lórí àbàtà lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Ọmọbìnrin náà ti sùn. Ìyàwó Àkọ́bí ti bọ́ bàtà, ó ká ẹsẹ̀ sórí àga. Ọ̀nà dán. Dírẹ́bà kò tan rédíò. Màmá ní kó tàn án.

Aago 5:38. Oríta Ṣágámù. Dírẹ́bà yán. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ bo ẹnu, ó ní kí Màmá má bínú. Ó na ọwọ́ sínú ihò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ jíà, ó mú orógbó kan jáde, ó gé e jẹ. Ìró rẹ̀ ròkè ju ti rédíò lọ. Èèpo orógbó ti kún ihò náà. Màmá wo èèpo náà. Ó tún gbé aago àyà rẹ̀ sókè.

Aago 6:06. Ogere. Àwọn tírélà tò gbọọrọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, àwọn kan nínú àwọn awakọ̀ wọn ń fọ eyín. Ilẹ̀ ń mọ́. Taya òsì gun ìlà etí ọ̀nà, ó dún gbùrùrù, ó padà. Àkọ́bí ń fèsì ọ̀rọ̀ lórí WhatsApp, kò gbójú sókè.

Màmá bi dírẹ́bà bóyá ó níyàwó. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ọmọ mélòó? Mẹ́ta, Màmá. Kí lorúkọ wọn? Ó dárúkọ àkọ́kọ́. Ó dárúkọ ìkejì. Ó dákẹ́. Ọkọ̀ sáré kọjá ilé epo kan àti ilé epo mìíràn kó tó rí orúkọ ẹ̀kẹta sọ.

Aago 6:52. Tollgate àtijọ́, Ìbàdàn. Màmá ní ìtọ̀ ń gbọ̀n òun. Wọ́n yà sí ilé epo. Ó wọlé, ó pẹ́. Nígbà tó jáde, ó dúró ti àwọn ọmọbìnrin tó ń ta epo, ó kí wọn, ó béèrè ilé, ó tọrọ bírò lọ́wọ́ ọ̀kan nínú wọn. Dírẹ́bà wà lẹ́yìn ọkọ̀. Ó fi eyín ya píọ̀ wọ́tà, ó dà á sórí ara rẹ̀. Ó ya òmíràn. Ó fi etí ẹ̀wù nu ojú. Ó yọ agolo Robb kékeré kan lápò, ó fi ìka kan ra abẹ́ imú, ó ra ẹ̀gbẹ́ ojú méjèèjì. Omijé bọ́. Ó ṣẹ́jú títí, ó padà sídìí sítíárìn, ó ní òun ti ṣe tán.

Àkọ́bí wo fóònù. Wọ́n ti fi wákàtí kan sẹ́yìn ètò.

Aago 7:41. Aṣejirẹ́. Ibí ni wọ́n ti sé odò Ọ̀ṣun kí Ìbàdàn lè rí omi mu. Oòrùn ti yọ, omi náà funfun láti etí dé etí, ọkọ̀ ọlọ́pọ́n kan ṣoṣo wà láàárín rẹ̀. Ọmọbìnrin náà jí, ó ní "Wow," ó ya fọ́tò méje léra. Àwọn ẹlẹ́ja ti pàtẹ. Màmá ní kí wọ́n dúró.

Ẹja yíyan ni ó ní òun fẹ́. Ó gbé kan, ó run ún, ó gbé e sílẹ̀. Ó gbé òmíràn. Obìnrin ẹlẹ́ja dá iye lé e. Màmá dá ìdajì. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó yọ díẹ̀ kúrò. Màmá béèrè irú igi tí wọ́n fi yan án. Ó béèrè ẹni tó pa á. Ó béèrè bóyá ẹja pọ̀ nínú òjò ju inú ẹ̀ẹ̀rùn lọ. Ìyàwó Àkọ́bí, tó ti ń bá ìyá ọkọ rẹ̀ ṣọjà láti ọdún tó ti ń bọ̀ wálé, wò ó pẹ̀lú ìyanu. Ìyá tí kì í nájà kọjá ẹ̀ẹ̀mejì. Nínú ọkọ̀, dírẹ́bà ti gbé iwájú orí lé sítíárìn.

Ẹja mẹ́ta péré ni Màmá rà. Kó tó wọlé, ó yọ ìwé ìsìn ìjọ rẹ̀ nínú báàgì, ó fi bírò kọ nǹkan kékeré sẹ́yìn rẹ̀. Ìyàwó Àkọ́bí rí nọ́mbà níbẹ̀. Ó rò pé owó ẹja ni.

Aago 8:27. Ìkirè. Àwọn tó ń ta dòdò sáré tọ ọkọ̀ wá, wọ́n gbé àwo lérí. Dòdò Ìkirè kì í ṣe dòdò tí wọ́n ń gbé síwájú èèyàn nílé oúnjẹ. Ó dúdú. Ó rí róbótó. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lè rò pé ó ti jóná. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n kọjá kí wọ́n tún gbé e lọ sọ́jà, tó ti rọ̀, tí èèpo rẹ̀ ti dúdú, ni wọ́n fi ń ṣe é. Wọ́n á fi ata àti iyọ̀ sí i, wọ́n á dín in nínú epo pupa, wọ́n á mọ ọ́n. Ewé ni wọ́n ń fi wé e láyé àtijọ́. Ọ̀rá ló kù báyìí, ó sì ń jẹ́ kó làágùn, ẹni tó bá ti jẹ tinú ewé rí kò ní gbà pé ọ̀kan náà ni wọ́n.

Àkọ́bí na owó jáde lójú fèrèsé. Màmá ti ṣílẹ̀kùn. Ó ní òun fẹ́ rí ibi tí wọ́n ti ń dín in.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Aago ń lọ."

"Ọmọ rẹ kò rí i rí. Ṣé nínú fóònù ló ti máa rí i ni?"

Ọmọbìnrin náà ti bọ́ sílẹ̀. Obìnrin kan mú wọn gba àárín ilé méjì kọjá, ó di ẹ̀yìnkùlé. Agbada ńlá kan wà lórí iná igi. Epo ń hó. Obìnrin àgbà kan jókòó sórí àpótí, ó fi ọwọ́ lásán bu ọ̀gẹ̀dẹ̀ gígún, ó jẹ́ kó yọ́ bọ́ sínú epo láìta sí i lára. Ó fi ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ yí i. Òórùn náà wọ inú aṣọ. Ó fún ọmọbìnrin náà ní ọ̀kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Ọmọ náà fẹ́ ẹ, ó bù ú jẹ, ó dì í mú, ojú rẹ̀ là. Ata náà dé lẹ́yìn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fò sókè, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń fi ọwọ́ fẹ́ ẹnu, ó ní kí wọ́n fún òun ní òmíràn. Ìyàwó Àkọ́bí rẹ́rìn-ín títí tó fi jókòó sílẹ̀. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta tí ẹsẹ̀ ti wú u, tí kò rẹ́rìn-ín báyẹn. Àní Àkọ́bí, tó tẹ̀ lé wọn wá pẹ̀lú ìbínú, ó jẹ mẹ́rin.

Màmá kò jẹ. Ó dúró síbi tó ti lè rí ọkọ̀ láàárín ilé méjèèjì.

Aago 9:03. Wọ́n padà sínú ọkọ̀. Màmá rọra gbá dírẹ́bà lápá. "Ọkọ mi, ó yá." Ó ta gìrì. Ojú sítíárìn ti tẹ̀ sí i níwájú orí. Màmá fún un ní dòdò àti omi, ó tún kọ nǹkan sẹ́yìn ìwé ìsìn.

Aago 9:50. Ilé-Ifẹ̀. Wọ́n gba iwájú géètì yunifásítì kọjá. Màmá dá a lábàá pé kí wọ́n lọ wo Ọ̀pá Ọ̀rányàn. Àkọ́bí kò dáhùn. Dírẹ́bà ń sọ̀rọ̀ dáadáa nígbà yìí, ó ń sọ fún ọmọbìnrin náà nípa akẹ́kọ̀ọ́ tó gbé rí tó gbàgbé ewúrẹ́ sínú búùtù. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Wọn ò dúró n'Ífẹ̀.

Aago 10:20. Ọ̀nà Ifẹ̀ sí Iléṣà. Kòtò bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan jìn tó ibi tí omi òjò àná ti dúró sí. Oòrùn ti wọ inú ọkọ̀ láti iwájú. Ẹ̀yìn ń dun ìyàwó Àkọ́bí, ó ń yí ìdí padà. Ọmọbìnrin náà ní èébì ń gbé òun. Rédíò ń ṣe ṣààà, ó ń wọlé, ó ń jáde. Dírẹ́bà ti dákẹ́. Ó ti jẹ orógbó tán.

Aago 10:32. Ibì kan tí ọ̀nà ti dán, tí kò sí kòtò kankan. Ọkọ̀ ń sáré nǹkan bí 80 kìlómítà ní wákàtí kan. Ó rọra ń sún sápá òsì. Kò yà wìì, ó kàn ń sún. Taya kọjá ìlà àárín. Ọkọ̀ akérù kan ń bọ̀ níwájú, ó fi iná pe, ó tún pè, ó fọn fèrè. Ọkọ̀ tó ń sá eré 80 ń rin mítà 22 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìṣẹ́jú àáyá kan. Èkejì. Ẹ̀kẹta.

Màmá fi ọwọ́ méjèèjì lu dáṣíbọ́ọ̀dù. Ó pariwo orúkọ kan. Orúkọ ọmọ kẹta dírẹ́bà ni.

Ọkọ̀ ya sápá ọ̀tún. Akérù náà kọjá, afẹ́fẹ́ rẹ̀ mi Sienna. Kúlà ṣubú lẹ́yìn.

"Kòtò ni, Màmá," dírẹ́bà wí. "Mo ń yẹra fún kòtò ni."

"Mo rí i," Màmá wí.

Àkọ́bí ní ìjọba kò ní tún ọ̀nà yìí ṣe láéláé. Ìyàwó rẹ̀ ń to kúlà. Ọmọbìnrin náà kò ya fọ́tò kankan fún ogójì ìṣẹ́jú.

Aago 10:40. Màmá bẹ̀rẹ̀ ìtàn. Ohùn rẹ̀ ga, ó sì yí ojú sí dírẹ́bà pátápátá. Ó ní ṣé ó mọ̀ pé dírẹ́bà ni Joseph Ayọ̀ Babalọlá? Dírẹ́bà ní bẹ́ẹ̀ ni, òun mọ Bàbá Babalọlá, bàbá ìjọ CAC. Màmá ní òun kò béèrè ti ìjọ, iṣẹ́ tó ń ṣe lòun ń béèrè. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ ọ̀nà ló ń wà. Ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́, èyí tó wà níwájú wọn yìí, ló ń tẹ̀ ní oṣù kẹwàá ọdún 1928. Nítòsí Ìkejì-Arákejì, ẹ̀rọ kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó tún un ṣe títí, kò dá a lóhùn. Ibẹ̀ ni ó ti gbọ́ tí ohùn kan pe orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta.

"Ẹ̀ẹ̀melòó ló pè é?" Màmá bi í.

"Mẹ́ta, Màmá."

"Lọ́dún wo?"

Dírẹ́bà dákẹ́. "Ẹ ní… 1928."

Báyìí ni ó ń ṣe títí wọ́n fi wọ Iléṣà: gbólóhùn kan, ìbéèrè kan. Àkọ́bí sọ lédè òyìnbó fún ìyàwó rẹ̀ pé Màmá ti sọ ọkọ̀ di ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi.

Aago 11:38. Oríta Ìwáràjà. Òsì ni Ẹ̀fọ̀n, Àràmọ̀kọ, Ìkọ́gosì. Ọ̀tún ni ọ̀nà Àkúrẹ́. Màmá ní kí dírẹ́bà ya sí ọ̀tún.

"Màmá!" Àkọ́bí wí.

"Omi Olúmìrìn wà l'Érìn-Ìjẹ̀ṣà. Kò jìnnà."

"Kò sí nínú ètò wa. Ìkọ́gosì ni a sanwó sí. Ẹ ti dá wa dúró n'Íbàdàn, ẹ dá wa dúró l'Áṣejirẹ́, ẹ dá wa dúró n'Íkirè."

Dírẹ́bà ti dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ó ń wo iwájú. Àmì ojú ọ̀nà wà níbẹ̀, èso kókó kan wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ tí ẹnì kan jù sílẹ̀. Màmá kò yíjú sẹ́yìn.

"Mo fẹ́ rí omi yẹn kí n tó kú," ó wí.

Kò sí ọmọ Yorùbá tó mọ èsì irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ya sí ọ̀tún.

Aago 12:14. Èrìn-Ìjẹ̀ṣà. Wọ́n gbé ọkọ̀ sábẹ́ igi. Ìró omi ti ń dé ibẹ̀. Gbogbo wọn bọ́ sílẹ̀, àyàfi Màmá. Ó ní orúnkún ń dun òun. Ó ní kí wọ́n máa lọ, kí wọ́n gòkè dé ibi tí ẹsẹ̀ wọn bá gbé wọn dé, kí wọ́n má kánjú. Àkọ́bí dúró, ó wò ó. Obìnrin tó fẹ́ rí omi kó tó kú. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀, ìyàwó rẹ̀ fà á lọ́wọ́.

Aago 12:33. Ọ̀nà inú igbó náà ṣókùnkùn, ó sì tutù. Gbòǹgbò igi la ilẹ̀ kọjá. Omi kékeré kan ń bá wọn lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó mọ́ tó fi jẹ́ pé ewé tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ṣeé kà. Ìtàn ìlú ní Akinlá, ọmọ-ọmọ Odùduwà, ló rí ibẹ̀ nígbà tí wọ́n ń ṣí kiri. Ìpele méje ni wọ́n ka omi náà sí, ọ̀kan lórí èkejì, títí dé orí òkè tó ya Ìjẹ̀ṣà sọ́tọ̀ kúrò lára Èkìtì. Ariwo rẹ̀ ń pọ̀. Wọ́n yọ sí gbangba.

Omi náà ń já bọ́ láti òkè gíga lórí àpáta dúdú. Òjò oṣù mélòó kan ló wà nínú rẹ̀. Kì í ṣe okùn kan. Ó fọ́nká sára àpáta, ó tún kó ara rẹ̀ jọ, ó ń tú èéfín funfun sílẹ̀ bó ṣe ń kan ìsàlẹ̀. Èéfín náà dé ara wọn kí wọ́n tó dé etí omi. Ọmọbìnrin náà dúró. Kò sọ "Wow." Ó fi fóònù fún ìyá rẹ̀, ó bọ́ bàtà, ó rìn lọ tààrà sínú ọ̀gbun kékeré tó wà lẹ́sẹ̀ àpáta, tòun taṣọ. Ó kígbe nítorí òtútù. Ó tún kígbe, èyí kì í ṣe ti òtútù.

Aago 1:05. Fọ́tò kan: Àkọ́bí wà lábẹ́ omi. Ṣòkòtò rẹ̀ ká dé orúnkún, ẹ̀wù rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn lára, ẹnu rẹ̀ là gbàgà. Aago ọwọ́ rẹ̀ kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti bọ́ ọ sínú bàtà.

Aago 1:40. Wọ́n wà ní ìpele kejì. Àtẹ̀gùn ti tán, ọwọ́ àti orúnkún ni wọ́n fi ń gòkè, wọ́n ń di gbòǹgbò mú. Ìyàwó Àkọ́bí gbàgbé ẹsẹ̀ tó wú. Lókè yìí, igbó tẹ́ lọ salalu, òrùlé páànù ìlú pupa nísàlẹ̀. Labalábá funfun pọ̀ létí omi. Wọ́n jókòó lórí àpáta tó gbóná nínú oòrùn, wọn ò sọ̀rọ̀. Ètò aago méjìlá ti kọjá. Ẹnikẹ́ni kò rántí rẹ̀.

Aago 2:38. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ dé ibi ọkọ̀. Ilẹ̀kùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣí sílẹ̀. Àga iwájú ti nà gbọọrọ, dírẹ́bà sùn sórí rẹ̀, ó ń hanrun, bàtà rẹ̀ méjèèjì tò sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ taya. Màmá jókòó sórí àga oníke lábẹ́ igi, ó kọjú sí ọkọ̀. Ó fi agboòrùn lé ẹsẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ di. Nígbà tó ṣí i láti gba omi lọ́wọ́ ọmọ-ọmọ rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ ló wà nínú rẹ̀, ojú eyín rẹ̀ ti tẹ̀ sí i lára.

Àkọ́bí rí i. Kò béèrè.

Aago 2:39. Màmá jí dírẹ́bà. Ó dìde jókòó, ó na ara, egungun ẹ̀yìn rẹ̀ dún. Ó béèrè ibi tí wọ́n wà. Ó rẹ́rìn-ín. Ó gba omi, ó rọ̀ ọ́ sórí gíláàsì iwájú, ó fi ìwé ìròyìn ha àwọn òkú kòkòrò kúrò títí gíláàsì fi mọ́.

Aago 3:10. Wọ́n ti padà sí Ìwáràjà, wọ́n ya sí Ẹ̀fọ̀n. Kókó wà lórí tapólíìnì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, àwọn ọmọdé ń fi ẹsẹ̀ tú u. Òórùn rẹ̀ kan, bí ọtí tó fẹ́ẹ́ di kíkan. Òjò dé lójijì, àwọn ọmọ náà sáré ká tapólíìnì. Ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Ó ń lọ́. Òkè wà lápá kan, àfonífojì wà lápá kejì, orí àwọn igi ìrókò wà nísàlẹ̀ ojú ọ̀nà. Ìkùukùu ń jáde láàárín igbó.

Aago 3:36. Kọ́nà kan, níbi tí òkè ti bo iwájú. Ewé tútù wà lójú títì: ẹ̀ka mẹ́ta péré, òjò ti ń wọ́ wọn lọ. Dírẹ́bà ti tẹ búrékì kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ pé ewé ni. Ọkọ̀ fà, ó yọ̀ díẹ̀, ó dúró. Tírélà kan wà níwájú wọn, kò tan iná, ó ti kú sójú ọ̀nà gan-an, igi gẹdú wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹnu igi náà kọjú sí wọn. Àlàfo tó wà láàárín kò tó gígùn ọkọ̀ kan. Ẹ̀jẹ̀ igi náà ṣì tutù, ó pupa.

Wípà ń gbá lọ, ó ń gbá bọ̀.

"Ojú yín dá o, dírẹ́bà," Àkọ́bí wí.

"Ewé ni mo rí, Ọ̀gá."

Ó rọra gba ẹ̀gbẹ́ tírélà kọjá. Nígbà tí wọ́n dé òdìkejì, Màmá béèrè dòdò Ìkirè. Ó jẹ ẹyọ kan, ó jẹ òmíràn, ó nu ọwọ́. Ó gbé orí lé ẹ̀yìn àga.

Aago 3:58. Ẹ̀fọ̀n Aláayè. Babalọlá tó kú lọ́dún 1959, ìlú yìí ni wọ́n sin ín sí, láàárín àwọn òkè yìí. Ọmọ ìjọ rẹ̀ ni Màmá láti kékeré. Dírẹ́bà rọra fà á létí pé àwọn ti dé Ẹ̀fọ̀n. Kò dáhùn. Ó ti sùn lọ fọnfọn. Ó sun gba Ẹ̀fọ̀n kọjá, ó sun gba Àràmọ̀kọ kọjá, ó sun gba Erìjìyàn kọjá.

Aago 5:22. Ìkọ́gosì. Ọmọbìnrin náà fi ẹsẹ̀ ọ̀tún sínú omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó fi tòsì sínú èyí tó tutù. Wọ́n sọ ìtàn fún un pé ìyàwó ọdẹ kan náà ni omi méjèèjì, pé ìjà orogún ló sọ wọ́n di omi. Ó ní èwo ni ìyáálé? Ẹni tó ń sọ ìtàn rẹ́rìn-ín. Oòrùn ti ń wọ̀.

Aago 8:15 alẹ́. Oúnjẹ alẹ́. Àkọ́bí ní kí dírẹ́bà wá bá wọn jẹun. Lẹ́nu iyán ni dírẹ́bà ti sọ ọ́, láìrò ó tẹ́lẹ̀, nígbà tí ọmọbìnrin náà fi fọ́tò àkọ́kọ́ hàn án tó sì béèrè ibi tí gbogbo kòkòrò yẹn ti wá. Ó ní ọ̀nà Bìní ni. Aago márùn-ún ìdájí ọjọ́ Ẹtì lòun jí. Òun gbé èrò lọ sí Bìní, ọkọ̀ bàjẹ́ níbẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, òun wa òru padà. Òun wọ Èkó ní nǹkan bí aago mẹ́rin kọjá díẹ̀. Ẹni tó ni ọkọ̀ ní òun ti gba owó Ìkọ́gosì, kó máa lọ.

Àkọ́bí gbé ọwọ́ kúrò nínú àwo. Ó wo ìyá rẹ̀.

Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni Màmá fi ọgbọ̀n ọdún ó lé ṣe, èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ lóru, ní wọ́ọ̀dù tí wọ́n ń gbé àwọn tó ní ìjàǹbá ọkọ̀ wá. Aago tó kọ́ sáyà, aago iṣẹ́ rẹ̀ ni. Ó yọ ìwé ìsìn nínú báàgì, ó gbé e sórí tábìlì. Ìlà mẹ́ta ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Aṣejirẹ́, 17. Ìkirè, 31. Èrìn, 128. Ìṣẹ́jú tí dírẹ́bà fi sùn ni.

Màmá ní bónẹ́ẹ̀tì gbóná ju ti ọkọ̀ tó ti inú Èkó wá lọ. Àkọ́bí ní kí ló dé tí wọn kò sọ fún òun. Màmá ní ká ní òun sọ ọ́, ìjà ni ì bá dé. Dírẹ́bà á ní òun kò tòògbé, owó ti bọ́ lọ́wọ́ wọn, ọkọ̀ mìíràn kò sí lóru, Àkọ́bí fúnra rẹ̀ kò sì tíì wa ọkọ̀ ní Nàìjíríà láti ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Wọ́n á tún lọ náà ni, pẹ̀lú dírẹ́bà tó ń bínú tó sì ń tòògbé. Ní ìlú tí Àkọ́bí ń gbé, ìwé òfin ojú pópó gba awakọ̀ níyànjú pé kó sinmi ó kéré tán ìṣẹ́jú 15 lẹ́yìn gbogbo wákàtí méjì. Ó mọ̀ ọ́n lórí. Ìdánwò ló fi kà á.

Lọ́dún 1997, àwọn olùwádìí méjì ní Australia, Dawson àti Reid, tẹ ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn Nature. Ẹni tó bá ti wà lójúfò fún wákàtí 17, ọwọ́ àti ojú rẹ̀ ń ṣe bíi ti ẹni tí ọtí inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti dé 0.05 nínú ọgọ́rùn-ún. Tó bá di wákàtí 24, ó ti sún mọ́ 0.10. Ní aago 10:32, lójú ọ̀nà Ifẹ̀ sí Iléṣà, dírẹ́bà ti lo wákàtí 29 ó lé láti ìgbà tó ti jí lórí ibùsùn rẹ̀. Ìṣẹ́jú méjìdínláàádọ́ta ló rí sùn nínú rẹ̀.

Aago 8:40. Fóònù dírẹ́bà dún. Ẹni tó ni ọkọ̀ ni. Ó ní kó gbé àwọn èrò náà padà ní ìdájí ọ̀la, ẹlòmíràn ti sanwó Ìlọrin fún ọ̀sán ọjọ́ Àìkú. Dírẹ́bà ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Alàgbà. Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Màmá na ọwọ́ gba fóònù náà. Ó kí ọkùnrin náà, ó kí ilé, ó kí iṣẹ́. Ó ní ọkọ̀ rẹ̀ wà lálàáfíà. Ó ní kò ní kúrò n'Íkọ́gosì títí di ọjọ́ Ajé. Ọkùnrin náà pariwo. Màmá dúró kó parí.

Àkọ́bí san owó ọjọ́ kan sí i lóru náà, kí ó tó lọ sùn.